Ilé etí pápá gọ́ọ̀fù tàbí ilé àárín ẹ́sítéètì?

Nínú ẹ́sítéètì onígéètì tó ní pápá gọ́ọ̀fù, ilé etí pápá ló sábà máa ń wọ́n jù, nítorí ìran koríko gbalaja. Owó ilé àárín rọjú díẹ̀, àmọ́ ògiri aládùúgbò lẹ máa máa wò.

Bọ́ọ̀lù ni kẹ́ ẹ ronú sí gan-an. Ọwọ́ ọ̀tún lọ̀pọ̀ èèyàn fi ń gbá a, àṣìgbá wọn sì sábà máa ń yà sápá ọ̀tún. Ilé tó bá wà lápá ibẹ̀, ní nǹkan bí mítà 200 síbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, ló ń jìyà jù. Ẹ wo ògiri àti fèrèsé ibẹ̀ fínnífínní: ojú ibi tó tẹ̀ wọnú roboto, bọ́ọ̀lù ló ṣe é. Ẹ̀rọ ìgékoríko sì ń dún láàárọ̀ kùtù.

Méjèèjì ló ń san owó ìtọ́jú ẹ́sítéètì. Ẹ béèrè bóyá owó ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù jẹ́ dandan.

Ẹni tó ń gbá gọ́ọ̀fù: etí pápá, apá òsì. Ẹni tó lọ́mọ kékeré tó ń ṣeré níta: àárín.