Tọ́ọ̀ṣì abẹ́ omi tí mo rà ní Ouando, lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ

Lóru ọjọ́ kan nínú oṣù kẹsàn-án, àbúrò mi wà lábẹ́ ọkọ̀ ojú omi wa, ó ń fi ọ̀bẹ gé àwọ̀n tó wé mọ́ fáànù ẹ́ńjìnnì. Èmi wà lókè, mò ń wo ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń rìn nínú omi. Lójijì, ìmọ́lẹ̀ náà kú. Ọ̀sà Àjàṣẹ́ nígbà tí odò Ouémé bá kún wá sínú rẹ̀ máa ń pọ́n bí ẹni po amọ̀. Tí ẹ bá na ọwọ́ yín, ẹ ò ní rí ìka yín. Mo pe orúkọ rẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta kó tó gbé orí jáde. Ó ti fi ọ̀bẹ ya àtàǹpàkò ara rẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n n kò sùn lóru ọjọ́ náà, mo sì pinnu pé mo máa mọ ohun tó pa iná yẹn kí ẹnikẹ́ni tó tún gbé e wọ omi.

Ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́ ni mo ti ra tọ́ọ̀ṣì náà nínú oṣù karùn-ún, 18,000 fáráǹkì. Ara rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù dúdú, ó gùn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì, iná LED kan ṣoṣo ló ní, bátìrì 18650 kan ló ń lò, ìyẹn bátìrì lítíọ̀mù tó fẹ̀ ní mìlímítà 18 tó sì gùn ní 65. Ṣájà wà nínú páálí, okùn ọrùn ọwọ́ wà, òrùka rọ́bà méjì wà fún ìpààrọ̀. Kò sí bọ́tìnnì lára rẹ̀. Òrùka kan tó ní òòfà nínú lẹ máa yí kó tó tàn. Wọ́n kọ mítà 100 sára páálí. Ibi tí àwa ti ń mòòkùn kò ju mítà mẹ́rin lọ, nítorí náà iye yẹn kò kàn mí.

Ohun tó wù mí lára rẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣù jọ, kò fẹ́ káàkiri. Nínú omi ẹlẹ́rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó fẹ̀ kò wúlò: ẹrẹ̀ ló máa tan ìmọ́lẹ̀ sí, á sì dá a padà sójú yín, bí iná mọ́tò ṣe máa ń ṣe nínú kùrukùru ọyẹ́. Eléyìí máa ń gún omi lọ tààrà. Fún oṣù mẹ́rin, gbogbo àwọ̀n tó há mọ́ igi acadja (ẹ̀ka igi tí a rì sínú omi kí ẹja lè wá sá sí) ni a fi í tú, àwọn Ègùn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ sì máa ń yá a lọ́wọ́ mi.

Lẹ́yìn tó kú yẹn, mo gbé e padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún mi. Kò tilẹ̀ ṣí i. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, omi iyọ̀ ló pa á. Ẹ ra tuntun." Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú, nítorí kì í ṣe òótọ́. Láti ọdún 1885 tí wọ́n ti la ojú omi Kùtọnu, omi òkun ń wọ adágún Nokoué, láti ibẹ̀ ló sì ń gba ipa omi Totchè dé ọ̀dọ̀ tiwa. Ṣùgbọ́n ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìyẹn. Tí odò bá kún, omi dídùn ló máa ń ti iyọ̀ padà. Oṣù kẹsàn-án la wà nígbà náà. Ẹni tó ń ta ọjà fún àwọn tó ń wọ ọ̀sà yẹ kó mọ èyí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí yẹ̀ ẹ́ wò fúnra mi. Ohun tó jẹ́ kó pẹ́ ni pé àrùn méjì ló wà lára rẹ̀ pọ̀, èmi sì ń wá ẹyọ kan. Nígbà mìíràn á tàn dáadáa, á máa rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á sì kú ní bí ìṣẹ́jú mẹ́fà. Tí ẹ bá jẹ́ kó sinmi, á tún tàn. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹ lè yí òrùka rẹ̀ títí, kò ní tàn rárá.

Bátìrì ni mo kọ́kọ́ mú. Mo fi tẹ́sítà wọ̀n ọ́n, ó fi fóòtì 4.15 hàn. Bátìrì irú yìí tó bá kún a máa dé 4.2, nítorí náà mo ní kò sí nǹkan tó ṣe é, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àṣìṣe mi nìyẹn, ó sì gbà mí lọ́jọ́ mẹ́ta. Bátìrì tó ti rẹ̀ lè fi iye tó dára hàn nígbà tí kò gbé ẹrù kankan. Ìgbà tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ló yẹ kí ẹ wọ̀n ọ́n. Nígbà tí mo tan iná náà, tí mo dúró ìṣẹ́jú márùn-ún, tí mo yọ ọ́ tí mo sì wọ̀n ọ́n lójú ẹsẹ̀, ó ti já sí 3.1. (Ẹ gbé orí tọ́ọ̀ṣì náà sínú garawa omi tí ẹ bá ń ṣe èyí. Omi ló ń tù ú lára. Tó bá pẹ́ ní gbangba, ooru á bà á jẹ́.)

Wọ́n kọ 6800 mAh, ìyẹn òṣùwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà, sára bátìrì náà. Kò sí 18650 tó ń gba iye yẹn. Àwọn tó dára gan-an wà ní nǹkan bí 3500. Alágbẹ̀dẹ wúrà kan ládùúgbò wa bá mi gbé e sórí òṣùwọ̀n: gíráàmù 31. Ojúlówó a máa wọ̀n tó 45 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àbúrò mi ń mòòkùn pẹ̀lú bátìrì tí inú rẹ̀ kò kún. Mo ra ojúlówó ní Kùtọnu, 5,500 fáráǹkì, láti ọjọ́ náà ó ń tàn ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ. Ẹ kíyè sí gígùn rẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ rà: èyí tí wọ́n fi ààbò iná kékeré sí nídìí máa ń gùn díẹ̀ sí i, ìdérí tọ́ọ̀ṣì mìíràn kò sì ní pa dé mọ́. Tí ìdérí kò bá pa dé, rọ́bà kò ní jókòó, omi á wọlé.

Lẹ́yìn bátìrì, mo nu sípíríǹgì ìdí rẹ̀ àti etí irin tí ìdérí fi ń kan ara tọ́ọ̀ṣì, nítorí ibẹ̀ ni iná ń gbà kọjá. Àlùkóòlù ilé oògùn ni kí ẹ lò. Ẹnì kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n lo sódàbì, ìyẹn ògógóró. Omi inú sódàbì ti pọ̀ jù fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ó ku òrùka tó ń kọ̀. Mo yọ òòfà kan lára sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́, mo fi rìn lára tọ́ọ̀ṣì níbi tí òrùka máa ń wà. Ó tàn! Inú mi dùn débi pé mo pe ìyàwó mi wá wò ó. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohun tó ń gbọ́ òòfà nínú tọ́ọ̀ṣì kò kú. Òrùka ni kò rìn dé ibi tó yẹ kó dé. Mo yọ òrùka náà, mo sì rí iyanrìn dúdú wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tó lẹ̀ mọ́ òòfà rẹ̀ bí irùngbọ̀n. Irin wà nínú iyanrìn náà, òòfà sì ń fà á mọ́ra ní gbogbo ìgbà tí a bá fi ọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ọ̀sà. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti omi fọ̀ ọ́ kúrò. Iṣẹ́ yìí kì í tán o: ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni mo ń ṣe é. Ẹni tó ṣe tọ́ọ̀ṣì yìí kò ronú nípa ọ̀sà rárá, èyí sì ni ẹ̀sùn tó tóbi jù tí mo ní sí i.

Omi kò tíì wọ inú rẹ̀, mo sì fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Kí n tó dá a padà sẹ́nu iṣẹ́, mo yọ bátìrì, mo fi tíṣù gbígbẹ sí ipò rẹ̀, mo pa á dé, mo so òkúta mọ́ ọn, mo sì fi sínú garawa omi di òwúrọ̀. Tíṣù náà gbẹ. Tó bá tutù níbì kan, ibẹ̀ ni kí ẹ wá irun tàbí iyanrìn sí lára rọ́bà. Àwọn tó ń sọ pé ọ̀sà tí kò jìn kò lè wọ inú tọ́ọ̀ṣì kò mọ̀ pé omi jíjìn ló máa ń ti rọ́bà mọ́ àyè rẹ̀. Nítòsí òkè, kò sí ohun tó ń tì í, irun kan ṣoṣo ti tó. Gírísì sílíkọ́ọ̀nù díẹ̀ ni mo ń fi pa rọ́bà dúdú rẹ̀, kó kàn máa dán. Tí rọ́bà tiyín bá jẹ́ sílíkọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀, ẹ má lo gírísì yẹn, á jẹ́ kó wú.

Tí omi bá wọ tiyín, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yìí tí iyọ̀ ti ń padà bọ̀: ẹ gbé e síta, ẹ dojú rẹ̀ kọ ibi tí kò sí èèyàn kí ẹ tó ṣí i, nítorí afẹ́fẹ́ lè ti kún inú rẹ̀. Ẹ má ṣe ṣájì bátìrì náà mọ́ láé. Ẹ fi omi dídùn fọ inú rẹ̀, ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́.

Mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún un. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ àti ara rẹ̀ yẹ fún owó náà. Bátìrì inú páálí jẹ́ ìrẹ́jẹ, n kò sì ní padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á. Ẹ ka owó bátìrì mọ́ ọn, kó di 23,500, kí ẹ tó pinnu.

Mo ti ra kékeré kan sí i, 6,000 fáráǹkì. Ọrùn ọwọ́ òsì àbúrò mi ló wà. Kó tó wọ omi, á tan méjèèjì, á nà wọ́n sókè kí n rí i.