Hilt àbí Koin: èwo ni kó máa pín dátà káàkiri áàpù rẹ?

Ká ní áàpù ìtajà lò ń kọ. Oníbàárà kó ọjà mẹ́ta sínú apẹ̀rẹ̀, ó ṣí ojú-ewé ìsanwó, ó bá a ní òfìfo. Dátà ò sọnù o. Apẹ̀rẹ̀ méjì ló wà níbẹ̀, ojú-ewé kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀. Dependency injection, ìyẹn kí a máa gbé ohun tí apá kọ̀ọ̀kan kóòdù nílò fún un láti ìta dípò kó dá a fúnra rẹ̀, ló lè mú kí gbogbo wọn jọ máa lo ẹyọ kan ṣoṣo.

Lórí Android, Hilt àti Koin, láíbìrì méjì tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, lọ̀pọ̀ ń yàn láàárín wọn. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Àkókò rẹ lo máa ná lé wọn lórí.

Hilt, tí Google gbé jáde ní 2020, orí Dagger, láíbìrì mìíràn fún iṣẹ́ kan náà, ló dúró lé. Nígbà build, ìyẹn ìgbà tí a ń sọ kóòdù di áàpù, ló ti ń yẹ ìsopọ̀ wò. Bí kò bá mọ ibi tí `CartRepository`, kóòdù tó ń tọ́jú apẹ̀rẹ̀, ti ń bọ̀, build á kọ̀ jálẹ̀, àṣìṣe náà ò sì ní dé ọwọ́ oníbàárà láéláé. Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára rẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ build á pẹ́ sí i, ọ̀rọ̀ àṣìṣe rẹ̀ á sì gùn bí ọjọ́. Ṣọ́ra fún èyí náà: tó o bá gbàgbé `@Singleton`, àmì tó ń sọ pé ẹyọ kan ni kó wà, build á kọjá wẹ́rẹ́, apẹ̀rẹ̀ á sì di méjì, torí tuntun ni Hilt máa ń dá fún ẹni tó bá béèrè, àyàfi tó o bá sọ fún un.

Koin rọrùn láti bẹ̀rẹ̀. `single` ni ẹyọ kan fún gbogbo áàpù, `factory` ni tuntun nígbà gbogbo. Ìwọ fúnra rẹ lò ń yàn án. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀ ṣe ń lò ó, ìgbà tí áàpù bá ń ṣiṣẹ́ ló tó ń wá nǹkan. Tí kò bá rí i, áàpù á kú mọ́ oníbàárà lọ́wọ́. Má mú Koin láìkọ test tó ń pe `verify()`, èyí tó ń yẹ ìsopọ̀ wò kí áàpù tó dé ọwọ́ oníbàárà.

Bí áàpù rẹ yóò bá dé iOS pẹ̀lú Kotlin Multiplatform, ọ̀nà láti lo kóòdù Kotlin kan náà lórí Android àti iOS, Koin ni. Hilt ò kọjá Android. Bó bá jẹ́ Android nìkan, tí èèyàn púpọ̀ ń fọwọ́ kan kóòdù náà, Hilt ni màá mú. Ojú-ewé mẹ́rin péré? Fi constructor, ibi tí kóòdù ti ń gba ohun tó nílò nígbà tí a bá ń dá a, gbé e fúnra rẹ.

Èyíkéyìí tó o bá mú, má fi dátà ẹni tó wọlé sínú singleton (ẹyọ kan tó ń wà títí áàpù á fi kú) láìní ọ̀nà láti pa á rẹ́. Bí ẹni náà bá jáde, tí ẹlòmíì wọlé lórí fóònù kan náà kí áàpù tó kú, apẹ̀rẹ̀ ẹni àkọ́kọ́ ló máa bá níbẹ̀.