Pánẹ́ẹ̀lì-bítà tó dí ilẹ̀ Sienna mi ní Òwódé Onírin

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dárúkọ owó, torí mo mọ̀ pé òun lẹ fẹ́ gbọ́. ₦115,000 ni gbogbo owó tí mo fi dí àwọn ihò tí ìpẹtà jẹ sí ilẹ̀ ọkọ̀ mi lápapọ̀: owó iṣẹ́, owó páànù, owó ọ̀dà, títí kan owó oúnjẹ tí mo fún àwọn ọmọ iṣẹ́. Ibi tí mo kọ́kọ́ dé, ₦350,000 ni wọ́n pè é, wọ́n ní gbogbo ilẹ̀ ọkọ̀ náà làwọn máa yọ. Ẹlòmíì ní ₦40,000 péré lòun máa gbà, pé fáíbà àti gọ́ọ̀mù lòun máa fi bò ó, pé kó tó di ọ̀sán màá ti gbé ọkọ̀ mi lọ. Àárín àwọn méjèèjì ni ọ̀gá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí wà. Iṣẹ́ rẹ̀ tó owó tó gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n bí mi nínú níbì kan méjì.

Toyota Sienna 2001 ni ọkọ̀ náà. Ẹja yìnyín ni mò ń tà, Ìjọ́ra ni mo sì ti ń kó o: Titus, kòtè, pánlá, ohunkóhun tọ́jà bá ń fẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ó ti pẹ́ tí mo ti yọ àwọn ìjókòó ẹ̀yìn kúrò kí páálí lè ráyè. Bó ti wù kéèyàn fi ọ̀rá wé páálí ẹja tó, yìnyín á yọ́ lójú ọ̀nà, pàápàá tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dá wa dúró lórí afárá. Omi náà á wọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, fóòmù tó nípọn sì wà níbẹ̀ tó ń fà á mu. Òkè kápẹ́ẹ̀tì á gbẹ, ẹ ó rò pé ó ti tán, fóòmù abẹ́ rẹ̀ á ṣì rin gbingbin. Omi ẹja òkun sì nìyẹn, iyọ̀ wà nínú ẹ̀.

Kì í ṣe ẹja nìkan ló jẹ̀bi o. Tòkunbọ̀ ni ọkọ̀ mi. Nílùú tí yìnyín ti máa ń bọ́, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ yẹn á sì lẹ̀ mọ́ abẹ́ ọkọ̀ ní gbogbo ìgbà òtútù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa Sienna, ẹ mọ̀ pé lọ́dún 2010, nǹkan bí 600,000 Sienna, láti ti 1998 dé ti 2010, ni Toyota pè padà ní Amẹ́ríkà, torí pé iyọ̀ ojú títì lè jẹ wáyà tó gbé sípéè táyà dúró lábẹ́ ọkọ̀ títí tí táyà á fi já bọ́ sójú ọ̀nà. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ náà ló ń gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ wa, tá a máa ń fọ òkè rẹ̀ tó ń dán, tẹ́nikẹ́ni ò ní wolẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Ìpẹtà ń jẹ tèmi láti ìsàlẹ̀, omi ẹja ń jẹ ẹ́ láti òkè. Ihò kan yọ níbi tí ẹni tó jókòó níwájú ń gbé ẹsẹ̀ sí, òmíràn yọ lẹ́yìn, lábẹ́ ibi tí páálí ń wà. Téèyàn bá wolẹ̀ níbẹ̀, ọ̀dà títì ló ń rí.

Oní-₦40,000 yẹn, mi ò bá a jà, iṣẹ́ ló ń wá. Àmọ́ irin tó ń jẹrà lọ ló fẹ́ da gọ́ọ̀mù bò, ìyẹn kéèyàn fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kó máa pa lápálápá. Fáíbà ò ní jẹ́ kí ẹ rí ìpẹtà mọ́ ni, ìpẹtà ò sì dá iṣẹ́ dúró. Ti ẹnì kẹta tí mo bá sọ̀rọ̀ ló dẹ́rù bà mí jù. Táǹkì epo Sienna wà lábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀, níwájú táyà ẹ̀yìn. Mo bi í pé ṣé ó máa sọ táǹkì kalẹ̀ kó tó tan iná. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Màmá, ẹ má fòyà, a ti ń ṣe é tipẹ́.” Mo ṣáná sọ́kọ̀, mo lọ.

Ṣọ́ọ̀bù tí mo wá dé gbẹ̀yìn ò ní bọ́ọ̀dù. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ àtijọ́ kan tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ “PANEL” sí ló wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì kọ ọ́ wọ́gọwọ̀gọ. Ohun tó jẹ́ kí n fọkàn tán ọ̀gá yẹn ni pé kò pe owó lójú ẹsẹ̀. Ó ní ká kọ́kọ́ tú gbogbo ohun tó wà nínú ọkọ̀ ná: ìjókòó, kápẹ́ẹ̀tì, fóòmù, kódà àwọn ike ẹnu ilẹ̀kùn. Ọmọ iṣẹ́ méjì ló pa ọwọ́ pọ̀ gbé kápẹ́ẹ̀tì yẹn jáde, omi ń ro tótó lára rẹ̀. Òórùn rẹ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ. Ẹnìkan tó ń tajà ní òdìkejì títì dìde, ó gbé àga rẹ̀ lọ sẹ́yìn.

Ọ̀gá wá mú skúrúdíráfà kan, ó fi ìdí rẹ̀ ń kan ilẹ̀ ọkọ̀ níbí lóhùn-ún. Níbi tí irin ti le, ó ń dún kán-kán. Níbi tó ti jẹrà, ohùn á wálẹ̀, á máa dún pọ̀-pọ̀. Tó bá ti gbọ́ pọ̀-pọ̀, á fi ṣọ́ọ̀kì yí ibẹ̀ ká. Ihò méjì ni mo mọ̀ pé mo ní, ibi márùn-ún ló yí ká. Ó yí skúrúdíráfà padà, ó fi ẹnu rẹ̀ gún ọ̀kan nínú àwọn ibi tó dà bíi pé kò ní nǹkan kan, ó sì wọlé wọ́ọ́rọ́. Irin ibẹ̀ ń ṣí lẹ́fẹ̀ẹ́lẹ́fẹ̀ẹ́ bí ìpẹ́ ẹja.

“Ṣé ẹ rí i, Màmá?” ó ní. “Tí mo bá dí méjì fún yín, ẹ máa padà wá bú mi.”

Mo ní, “Ọ̀gá, mi ò ní owó ibi márùn-ún.”

Ó ní, “Kí ló kàn yín nípa ẹwà? Abẹ́ ilẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká yọ owó ẹwà kúrò níbẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mo fi ń gbà yín níyànjú báyìí. Kò lọ ojú ibi tó fi iná jó pọ̀ kó dán, kò fi pọ́tì dí ìlà, kò kun ọ̀dà tó bá àwọ̀ ọkọ̀ mu. Ibi tó ná owó mi sí ni gígé irin tó jẹrà kúrò pátápátá, jíjó tuntun mọ́ ọn dáadáa, àti dídí gbogbo ojú ibi tí irin méjì ti pàdé kí omi má ráyè. Lára owó ẹwà ló yẹ kéèyàn ti dínwó. Tẹ́ ẹ bá lọ dín in lára mẹ́ta yòókù, ẹ máa tún san án.

Gígé yẹn fẹ́ẹ̀ pa mí lẹ́kún. Ihò tí ò ju owó ẹyọ lọ, gíráńdà, ẹ̀rọ tó fi ń gé irin, sọ ọ́ di èyí tí orí mi lè gbà kọjá. Ó ní irin tó ti dógùn-ún ò lè gba iná, ṣe ló máa ń yọ́ lọ, nítorí náà òun ò ní dúró àfi tí òun bá kan irin tó ń dán. Lẹ́yìn náà ló wo àyíká, ó rí páálí Titus mi kan, ó fà á ya. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ihò, ó fi abẹ gé e, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún rẹ́ ẹ díẹ̀, títí ó fi bá gbogbo kọ̀rọ̀ mu. Páálí yẹn ló gbé lé orí páànù tó fi fa ìlà, ó wá fi bí ínǹṣì kan kún un yíká kí tuntun lè gun orí àtijọ́. Ilẹ̀ ọkọ̀ ní àwọn ojú ìlà kan tí wọ́n tẹ̀ sínú rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ kó má baà máa mì. Ó gbé páànù lé igi, ó ń fi hámà lù ú jẹ́jẹ́ títí tí irú ìlà bẹ́ẹ̀ fi yọ. Mi ò bẹ̀ ẹ́ kó ṣe èyí, kò sì bù ú mọ́ owó.

Páànù tuntun la rà, oní-mílímítà kan. Mo ti fẹ́ ra bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ àlòkù lọ́dọ̀ àwọn onírin kí n fi dín owó kù, ó ní ká má fi àìsàn wo àìsàn. Ó sì ní òun kì í fi páànù tí wọ́n fi ń kan òrùlé ṣiṣẹ́, torí ó fẹ́lẹ́ jù, èéfín tó ń jáde lára rẹ̀ tíná bá kàn án sì lè dá ibà síni lára.

Kó tó tan iná, ó tú bátìrì, ó tú wáyà kọ̀ǹpútà éábáàgì tó wà láàárín lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó sọ táǹkì epo kalẹ̀, wọ́n gbé e lọ jìnnà. Páìpù epo, páìpù búrékì àti ti ẹ̀asíì ẹ̀yìn náà gba abẹ́ ibẹ̀ kọjá, ó tú àwọn tó ṣeé tú, ó fi àkísà tútù wé ìyókù. Ọmọ iṣẹ́ kan dúró ti garawa omi àti iyanrìn. Gáàsì ló lò, kì í ṣe iná mànàmáná. Iná mànàmáná dára fún géètì. Irin ilẹ̀ ọkọ̀ fẹ́lẹ́, tí ọwọ́ jórinjórin ò bá fúyẹ́, ihò tuntun ló máa ń dá sílẹ̀. Kò sì jó o láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lẹ́ẹ̀kan náà. Á tọ́ iná sí i níbí, á fò lọ sí òdìkejì, á jẹ́ kí ó tutù, á padà wá, kí ooru má baà ká páànù kò. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ ti dúró ló tó wá jó àárín wọn pa pọ̀.

Ibì kan wà tí kò gbà fún mi rárá. Ọ̀kan nínú ibi márùn-ún yẹn sún mọ́ ibi tí bóòtù tí wọ́n fi de bẹ́líìtì ìjókòó mọ́lẹ̀ ti wọlẹ̀. Mo ní kó fi páànù kan náà dí i. Ó ní rárá, ẹ̀mí èèyàn ló rọ̀ mọ́ bóòtù yẹn. Ajákù irin oní-mílímítà méjì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló fi ṣe é, ó sì jó o yíká láìfi àlàfo sílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, búrọ́ọ̀ṣì onírin, wọ́n fi pẹtiróòlù nù ún, ọ̀dà red oxide tó ń dènà ìpẹtà lókè àti nísàlẹ̀, sealant, ìyẹn gọ́ọ̀mù tó ń dí àlàfo, sí gbogbo ojú ibi tó jó, kí wọ́n tó wá kun ọ̀dà dúdú undercoat sábẹ́. Ẹ ṣọ́ wọn níbí yìí, kí wọ́n má kun ọ̀dà dúdú lé ìpẹtà tí wọn ò fọ̀, yóò kàn sé omi mọ́bẹ̀ ni. Ẹnìkan ní kí n máa fọ́n ọ́ìlì dúdú sábẹ́ ọkọ̀. Ọ́ìlì máa ń ba rọ́bà jẹ́, rọ́bà tó wà lábẹ́ ọkọ̀ mi sì ṣì wúlò fún mi, mo dúpẹ́.

Owó náà rèé bó ṣe lọ. Iṣẹ́, ₦110,000 ló pè é, a ná an dé ₦70,000. Páànù ₦14,000. Sealant méjì ₦13,000, red oxide ₦5,000, undercoat ₦9,000. Oúnjẹ àwọn ọmọ ₦4,000. Ọ̀nà omi ẹ̀asíì tó dí, tó ń da omi síwájú ọkọ̀, ó fi kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ, ẹrẹ̀ jáde, kò gba kọ́bọ̀.

Ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú wọn nìyí. Ọjọ́ tó dá fún mi ò ṣẹ. “Ọ̀la, Màmá,” “Ọ̀la, tí Ọlọ́run bá fẹ́,” bẹ́ẹ̀ ni mò ń sanwó ọkọ̀ kó ẹja láti Ìjọ́ra. Tẹ́ ẹ bá ń fi ọkọ̀ yín jẹun, ẹ fi owó yìí kún ìṣirò yín. Èkejì, iná gíráńdà ta sára gíláàsì ilẹ̀kùn tó ń fà, ó lẹ̀ mọ́ ọn tóótòòtó, kò ṣeé fọ̀ kúrò. Aṣọ tútù lásán ló yẹ kí wọ́n fi bò ó. Mo sọ̀rọ̀ gan-an lọ́jọ́ yẹn, ọ̀gá bẹ̀bẹ̀, ó bá ọmọ iṣẹ́ wí, gíláàsì ò sì padà sí bó ṣe wà. Ẹ mú ìró àtijọ́ dání látilé. Ẹ̀kẹta, bóòtù ìjókòó kan sọnù, wọ́n fi èyí tí ò bá a mu sí i. Mi ò kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi ra irú rẹ̀ gan-an.

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ni màá ní kẹ́ ẹ gbé lọ síbẹ̀. Tó bá jẹ́ irin gígùn tó gbé ọkọ̀ dúró lábẹ́ ló ti jẹrà, tàbí ibi tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti so mọ́ ara rẹ̀, ẹ má wá ìdínwó síbẹ̀ rárá. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ dá Golf ẹnìkan padà lójú mi torí ẹ̀, ó ní kó lọ tà á fáwọn onírin.

Òjò ti rọ̀ dáadáa látìgbà náà, mo sì ti la àgbàrá Kétu kọjá ju ìgbà tó yẹ kéèyàn là á lọ. Omi ò wọlé. Mi ò dá fóòmù àti kápẹ́ẹ̀tì padà sẹ́yìn, rọ́bà lásán ni mo tẹ́ síbẹ̀, àwọn páálí sì ń jókòó sínú tírée oníke tó jìn, tí mò ń da omi rẹ̀ nù tí mo bá délé. Ọ̀gá ní kí n máa yọ rọ́bà kékeré tó dí ihò ìsàlẹ̀ lóòrèkóòrè kí omi tó bá fara pamọ́ lè ṣàn jáde. Mò ń ṣe é.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ: tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ láti Kétu, ẹ kọjá Mile 12, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Òwódé Onírin, ẹ béèrè ibi tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ tí wọ́n kọ PANEL sí wà. Ẹ lọ láàárọ̀ kí gíráńdà àwọn ará ìtòsí tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ lè gbọ́ra yín nígbà tẹ́ ẹ bá ń ná an. Ẹ má dé ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, ọ̀gá á ti lọ kírun, àwọn ọmọ iṣẹ́ ò sì láṣẹ láti pe owó.