Okùn bàtà onírọ́bà: ó dáa o, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wo pẹ́dà kẹ̀kẹ́ yín

Ẹ dá ẹnikẹ́ni tó ti ṣe duathlon rí dúró, kí ẹ ní ẹ fẹ́ wọ ìdíje tó ń bọ̀ ládùúgbò. Ohun àkọ́kọ́ tí yóò ní kí ẹ rà ni okùn bàtà onírọ́bà. Kò ní bi yín irú kẹ̀kẹ́ tí ẹ ní, kò sì ní bi yín irú pẹ́dà tó wà lára rẹ̀. "Okùn rọ́bà, okùn rọ́bà" ṣáá ni, àfi bíi pé okùn ló fẹ́ bá yín sáré. Èmi náà rà á, mo ti fi sá ìdíje, òun náà ni mo sì ń lò fún ìdánrawò. Ọjà gidi ni, n ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń tà á fún ni kò fi bẹ́ẹ̀ nílò rẹ̀, ẹni tó ń tà á kò sì ní sọ.

Fún ẹni tí eré yìí ṣì ṣàjèjì sí: ẹ ó sáré, ẹ ó gun kẹ̀kẹ́, ẹ ó tún sáré. Èyí tó kúrú, tí wọ́n ń pè ní sprint, jẹ́ kìlómítà 5 lẹ́sẹ̀, 20 lórí kẹ̀kẹ́, 2.5 lẹ́sẹ̀. Èyí tó tóbi jù ú lọ jẹ́ 10, 40 àti 5. Ti àdúgbò lè dín tàbí kó lé díẹ̀, bí ọ̀nà bá ṣe gbà wọ́n láyè. Ohun tó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé aago kì í dúró níbi tí a ti ń pààrọ̀, láti eré ẹsẹ̀ sí kẹ̀kẹ́ àti láti kẹ̀kẹ́ padà sí eré ẹsẹ̀. Ẹni tó ń wá àṣíborí, ẹni tó ń bá bàtà jà, gbogbo rẹ̀ ló ń wọ inú àkókò rẹ̀. Ibẹ̀ ni okùn yìí ti ríṣẹ́.

Èyí tí mo ní tẹ́ẹ́rẹ́, rọ́bà wà nínú rẹ̀, aṣọ híhun bò ó. Ẹ kì í so ó. Ẹ ó kì í bọ ihò bàtà bí okùn lásán, ẹ ó wá ki orí méjèèjì sínú ike kékeré kan tó ní bọ́tìnì. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì náà, ike á máa yọ̀ lọ sókè sódò. Bí ẹ bá gbọ́wọ́ kúrò, á di okùn mú pinpin. Ẹ ó gé èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ ó sì fi ike mìíràn pa orí rẹ̀ dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tètè mú sísọ́ọ̀sì. Ẹ kọ́kọ́ fi sáré tó jọjú, kí ẹ mọ ibi tó yẹ kó fún mọ́ yín dé, torí okùn tí wọ́n bá ti gé kò ṣeé fà gùn mọ́.

Oríṣi kejì wà, èyí tó ní kókó kókó lára. Tí ẹ bá fà á, kókó á fẹ́lẹ́, á gba inú ihò kọjá. Tí ẹ bá fi sílẹ̀, á wú padà, á há síbẹ̀. Kò ní ike kankan. Kíkì í bọ ihò máa ń gba sùúrù gan-an, ṣùgbọ́n ihò kọ̀ọ̀kan lẹ lè fún bó ṣe wù yín. Ẹni tí òkè ẹsẹ̀ rẹ̀ ga, tí bàtà máa ń ká mọ́, ìyẹn ni kó rà.

Ó dọjọ́ ìdíje. Ìpààrọ̀ kejì ni mo fi ń dán okùn wò, torí ìgbà yẹn lara kì í gbọ́ràn. Ẹ ti sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ kí ẹ tó dé ojú ìlà ìsọ̀kalẹ̀, ẹ ti ń ti kẹ̀kẹ́ sáré, ẹ ti gbé e kọ́. Ìgbà náà nìkan lẹ tó lè tú ìdè àṣíborí. Ẹni tó bá tú u ṣáájú, àwọn adájọ́ á bá a wí. Itan ti le gbagidi, ọwọ́ ń gbọ̀n, òógùn ń kán sójú. Ẹ wá fojú inú wò ó kí ẹnìkan ní kí ẹ so okùn bàtà onídèméjì báyìí! Pẹ̀lú onírọ́bà, mo ti ìka bọ ihò ẹ̀yìn bàtà, mo fi ọwọ́ kejì fa ahọ́n bàtà sókè kó má baà ká sínú, mo ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó parí. Nílé, níbi tí ara ti balẹ̀, okùn lásán máa ń gbà mí tó ìdajì ìṣẹ́jú fún ẹsẹ̀ méjèèjì. Eléyìí kò tó ìdámẹ́ta ìyẹn. Lọ́jọ́ ìdíje, ìyàtọ̀ náà tún máa ń pọ̀ sí i.

Ẹ̀bi rẹ̀ ńkọ́? Ìsọ̀kalẹ̀ òkè. Rọ́bà ni, yóò máa fà. Tí ẹ bá ń sáré sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ á máa rọ́ síwájú, ọmọ ìka ńlá á máa gbá orí bàtà. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí ẹ bá ya kọ́nà lójijì. Ike yẹn náà máa ń tẹ òkè ẹsẹ̀. Ó fojú pọ́n mi lára títí mo fi yọ okùn kúrò nínú ihò tó ga jù, tí ike wá bọ́ sórí ibi tí ahọ́n bàtà ti nípọn. Láti ìgbà náà, a ò jà mọ́.

Ohun kan tún wà tí wọ́n kì í kọ sára páálí. Triathlon, èyí tí wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó gun kẹ̀kẹ́, kí wọ́n tó sáré, ni wọ́n dìídì fi ń polówó rẹ̀. Ẹni tó jáde nínú omi, ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, nígbà mìíràn kò tiẹ̀ wọ ìbọ̀sẹ̀. Kí bàtà sáà ti tètè wọlé ni tirẹ̀. Àwa kọ́ nìyẹn. Inú bàtà la ti bẹ̀rẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ wà lẹ́sẹ̀, eré àkọ́kọ́ sì ni a máa ń sá pẹ̀lú agbára jù. Nítorí náà, ẹ fún un fún eré sísá, ẹ má fún un fún wíwọ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ń wọlé wẹ́rẹ́ láìfi ọwọ́ kàn án, ó ti dẹ̀ jù nìyẹn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ pẹ́dà. Tí pẹ́dà yín bá jẹ́ pẹlẹbẹ, bàtà ìsáré kan náà lẹ ó fi ṣe gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ ò bọ́ bàtà, ẹ ò wọ bàtà. Kí ni okùn rọ́bà fẹ́ bá yín dín kù? Ẹ so okùn lásán ní ìdè méjì, kí ẹ ki ìyókù sínú kó má baà lọ wé mọ́ ṣéènì, ẹ fi owó ra túúbù tí ẹ ó fi pààrọ̀ bí táyà bá jò. Àmọ́ tí ẹ bá ń lo bàtà kẹ̀kẹ́ tó ń há mọ́ pẹ́dà, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ó pààrọ̀ bàtà. Ẹ ó fa gìgísẹ̀ yọ nígbà àkọ́kọ́ láìtú nǹkan kan, ẹ ó tún tì í bọ̀ ọ́ nígbà kejì. Ẹ rà á, ẹ má ṣiyèméjì. (Àwọn kan máa ń fi bàtà kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ lórí pẹ́dà, tí wọ́n á fò gùn ún pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ lásán, tí wọ́n á wá máa ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ lórí ìrìn. Èmi ò sí níbẹ̀ o.)

Bí ó bá pẹ́ lọ́wọ́, rọ́bà rẹ̀ máa ń rọ̀. Tèmi ti ń sún mọ́ ọn, mo ti ń fa ike náà sísàlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Oníke náà ni n ó tún rà, ṣùgbọ́n dúdú ni n ó mú, torí funfun tí mo mú nígbà yẹn kò ṣeé pè ní funfun mọ́.