Oògùn TB olóṣù mẹ́fà: bó ṣe rí lára mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti lo oògùn yìí tán, wọ́n ti yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi wò léraléra, kòkòrò kankan ò sí níbẹ̀ mọ́. TB tí oògùn ò ràn ni mo ní o, rifampicin, ọ̀kan lára àwọn oògùn tí wọ́n sábà máa ń fi wo TB, ò ṣe é ní nǹkan kan.

BPaLM ni wọ́n ń pè é: bedaquiline, pretomanid, linezolid àti moxifloxacin. Ọdún 2022 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n máa lò ó. Oṣù mẹ́fà péré, hóró ni gbogbo ẹ̀, kò sí abẹ́rẹ́. Ẹni tí ò bá mọ bí ti àtijọ́ ṣe rí ò ní mọ ìdí tí mo fi ń pariwo. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kọ́kọ́ ní in nílé wa, ó lé lọ́dún kan ààbọ̀ tó fi gba ìtọ́jú, ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n fi ń gún un ní kanamycin, ìdí ẹ̀ le bí òkúta, kó tó parí etí ẹ̀ ti di. Ikọ́ yẹn lọ lóòótọ́, àmọ́ títí dòní ẹnu wa ló ń wò kó tó mọ ohun tí à ń sọ. Ìgbà tí dókítà wá sọ pé èmi ò ní gba abẹ́rẹ́, ńṣe ni mo bú sẹ́kún.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ le, hóró méje lójúmọ́, bedaquiline nìkan jẹ́ mẹ́rin. Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó lò ó, oúnjẹ ló ń jẹ́ kó wọ ara dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn bedaquiline di méjì méjì, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ibi tí kòkòrò yẹn ti ń rí agbára gan-an ni bedaquiline lọ ń dí mọ́ ọn, ọdún 2012 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i, ṣáájú ìgbà yẹn ó lé lógójì ọdún tí irú oògùn TB tuntun bẹ́ẹ̀ ti jáde kẹ́yìn.

Linezolid ló fojú mi rí màbo. Oṣù kẹta, àtẹ́lẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í jó mi, tí mo bá bọ́ bàtà màá rò pé sọ́ọ̀kì ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi, màá fọwọ́ kàn án, kò sí nǹkan kan. Nọ́ọ̀sì kan ní pajápajá lásán ni, mo sì gbà á gbọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ó ṣì ń dùn mí. Ìgbà tí dókítà gbọ́ ló tó dín in kù láti 600 sí 300 mílígíráàmù, ó tún ní kí n máa ka nọ́ńbà inú ìwé kan tó kún fún àmì aláwọ̀ oríṣiríṣi, torí ó lè ba ojú jẹ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, kí wọ́n sì máa lẹ wáyà mọ́ yín láyà wo bí ọkàn ṣe ń lù. Tí wọn ò bá ṣe é, ẹ béèrè. Ẹsẹ̀ mi ṣì máa ń jó mi lálẹ́, àmọ́ ó ti dínkù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á tì lágbede méjì. Bedaquiline máa ń pẹ́ lára, ọ̀pọ̀ oṣù, tẹ́ ẹ bá pa gbogbo ẹ̀ tì òun nìkan ló máa ṣẹ́kù tín-ín-tín, kòkòrò yẹn á sì kọ́ bó ṣe máa bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Èyí tó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ti wà nígboro báyìí.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún, linezolid ló jẹ ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń jókòó tì mí láràárọ̀, tí mo bá gbé e mì tán á ní kí n la ẹnu kóun wò ó.