Hilux oko, Hilux ibi iṣẹ́: ẹ́ńjìnnì 3.0 dísù tí mo gbé sínú ẹ̀

Ó ti pẹ́ tí mo ti ní kí n kọ èyí. Hilux 2007 ni mò ń wà, ẹ́ńjìnnì 2.7 pẹtiróò ló bá a wá. Láàárín ọ̀sẹ̀, Ojọ́ọ̀ sí Dùgbẹ̀ n'Íbàdàn ni, súnkẹrẹ fàkẹrẹ, tó bá di Sátidé oko ni, lẹ́yìn Adó-Àwáyè, ẹrọ̀fọ̀ tó ń gbé táyà mì.

Ká sọ òótọ́, 2.7 yẹn ò burú, ṣéènì ló ní, kò ní bẹ́ẹ̀tì tó máa já, kò sí mẹkáníìkì tí ò mọ̀ ọ́n tún ṣe. Àmọ́ tí mo bá kó ẹ̀gẹ́ kún ẹ̀yìn ẹ̀ tí mo fẹ́ gòkè, àfi kí n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó máa ké, kí táyà máa yí lójú kan, torí nǹkan bíi 3,800 rpm (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) ni agbára ẹ̀ tó ń jáde dáadáa, ta ló ń fi 3,800 rìn nínú ẹrẹ̀?

Mo kọ́kọ́ ra chip kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n ní ó ń fi agbára kún ẹ́ńjìnnì, wọ́n ní kí n ṣáà kì í bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ọkọ̀ á máa fò. Mo tú u wò lọ́jọ́ kẹta, iná kékeré mélòó kan ló ń ṣẹ́jú nínú ẹ̀, ó tán. Ẹni tó tà á ò gbé fóònù mi mọ́ o. Ẹ́ńjìnnì pẹtiróò tí ò ní turbo (ẹ̀rọ tó ń ti atẹ́gùn wọ inú ẹ́ńjìnnì), chip wo ló fẹ́ sọ ọ́ di nǹkan míì?

Ẹ́ńjìnnì pẹtiróò V6 4.0 wù mí, àmọ́ pẹ̀lú iye tí wọ́n ń ta pẹtiróò látìgbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo (subsidy) ní 2023, mi ò lè gbé ìyẹn jókòó sí Mọ́kọ́lá kó máa mu epo. Mo bá lọ ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó, mo ra 1KD tokunbo, ìyẹn ẹ́ńjìnnì 3.0 dísù yẹn, pẹ̀lú gíà, brain box (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì), wáyà àti kọ́kọ́rọ́ ẹ̀. Ẹ ra gbogbo ẹ̀ pọ̀ o! Tẹ́ ẹ bá ra ẹ́ńjìnnì nìkan, brain box lè má dá kọ́kọ́rọ́ yín mọ̀, rewáyà á wá bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún lọ pààrọ̀ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì inú páátíkúlà yín.

Mẹkáníìkì mi ò jẹ́ ká gbé e wọlé láìsọ sump, àwo ọ́ìlì abẹ́ ẹ́ńjìnnì, kalẹ̀. Èèmọ̀! Asẹ́ tí ọ́ìlì ń gbà kọjá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí, ìdọ̀tí dúdú kíríkírí bí èédú tí wọ́n fọ́. Ó ní wọ́ṣà abẹ́ nọ́sùlù, ohun tó ń fín dísù sínú ẹ́ńjìnnì, ló ti kú, èéfín wá ń wọ inú ọ́ìlì. Ká ní a wà á bẹ́ẹ̀, ó ti nọ́ọ̀kì nìyẹn. A pààrọ̀ wọ́ṣà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a pààrọ̀ timing belt pẹ̀lú, torí bẹ́ẹ̀tì ni èyí ń lò, kì í ṣe ṣéènì, torí ta ló mọ iye máìlì tó ti rìn.

Ní báyìí, láti nǹkan bíi 1,400 rpm ló ti ń fà. Mo fi sí 4L, gíà kékeré tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi jọ ń fà, mo gbẹ́sẹ̀ kúrò, ó ń gòkè wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ìgbín. Nígboro ńkọ́? Tí ọ̀nà bá là, ó máa kọ́kọ́ rò ó kí turbo tó jí, kílọ́ọ̀ṣì ẹ̀ sì le, ìyàwó mi ní jẹnẹrétọ̀ ni mò ń wà.

Omi tí mo tú nínú fílítà dísù lóṣù tó kọjá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì kọ́ọ̀bù, mo bá fi fílítà kejì kún un, nọ́sùlù ẹ̀ ò fẹ́ràn omi rárá. Snorkel, páìpù gíga tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa atẹ́gùn, náà wà lára ẹ̀, kò fi agbára kankan kún un, eruku ọyẹ́ ni mo rà á fún.

Tó bá jẹ́ títì nìkan lẹ ń rìn, ẹ má da ara yín láàmú. Èmi fún un ní mẹ́rin nínú márùn-ún, ariwo ẹ̀ ló jẹ ìkan tó kù. Ẹ́ńjìnnì 2.7 mi ṣì wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, mẹkáníìkì náà ń fojoojúmọ́ bi mí pé ìgbà wo ni mò ń bọ̀ wá gbé e.