Golf GTD tàbí Golf GTI: ẹ ka ìṣẹ́jú kí ẹ tó ka owó

Ẹni tó ń wá Volkswagen Golf ìran keje àlòkù, tí ọkàn rẹ̀ pín sí méjì láàárín GTD tó ń mu dísẹ́ẹ̀lì àti GTI tó ń mu bẹntiróòlù, kò nílò kí a tún máa ka iye ilẹ̀kùn àti ìbú búùtù fún un. Ara kan náà ni, táǹkì lítà 50 kan náà, ẹ́ńjìnnì lítà méjì méjì, tọ́bò sì wà lára àwọn méjèèjì. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni èyí tí àwọn tó ń ta mọ́tò kì í bi yín: láti ìgbà tí ẹ bá ṣíná mọ́tò títí ẹ ó fi pa á, ìṣẹ́jú mélòó ló sábà máa ń jẹ́? Ẹ mú bébà, ẹ kọ ti ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀. A máa padà sórí bébà yẹn.

Eré

GTI tó kọ́kọ́ jáde ní 2013 ní agbára ẹṣin 220, ó ń dé 100 km/h láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 6.5. GTD ní 184, ó ń lo 7.5. Ìyàtọ̀ ìṣẹ́jú-àáyá kan péré nìyẹn, kò sì fi bẹ́ẹ̀ hàn láàárín ìlú. Ibi tó ti ń hàn ni ẹ̀yìn tírélà, lójú ọ̀nà tí kò pín sí méjì, nígbà tí ẹ wà ní 80 tí ẹ sì fẹ́ yà á sílẹ̀ kí èyí tó ń bọ̀ níwájú tó dé.

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu àwọn olólùfẹ́ dísẹ́ẹ̀lì: "GTI lè sáré, GTD ló lè fà." Lórí ìwé, agbára fífà GTD jẹ́ 380 Nm, ti GTI jẹ́ 350, ó sì dà bí ẹni pé ẹjọ́ ti parí. Kò tíì parí. Abẹ́rẹ́ RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) kò tíì ju 1,500 lọ tí GTI ti kó gbogbo 350 rẹ̀ jọ, kò sì ní jọ̀wọ́ rẹ̀ títí 4,400. Ti GTD bẹ̀rẹ̀ ní 1,750, nígbà tó bá fi máa di 3,250, ó ti ń rẹ̀ ẹ́. Jíà GTD sì gùn ju ti GTI lọ nítorí pé ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kì í lè yí kíákíá, nítorí náà nínú ohun tó pọ̀ sí i yẹn, kò sí púpọ̀ tó ń dé ara táyà. Ohun tí GTD ní gan-an ni pé kò ń yọ èèyàn lẹ́nu: ẹ wà ní jíà kẹfà, ẹ tẹná díẹ̀, ó gbéra. Ìgbádùn nìyẹn, a ò ní fi dù ú. Kí ẹnikẹ́ni ṣáà má fi "agbára fífà" bu owó lé e fún yín.

Epo

Ìwé ilé-iṣẹ́ kọ 4.2 lítà sí 100 km fún GTD oníjíà ọwọ́, 6.0 fún GTI. Lójú ọ̀nà gidi, ẹ máa retí nǹkan bíi 5.5 sí 6 lọ́wọ́ GTD, 8 sí 8.5 lọ́wọ́ GTI, ìyẹn fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò wúwo. Ẹ fi ìyàtọ̀ rẹ̀ sí 2.5 lítà. Ẹni tó ń rin 10,000 km lọ́dún á fi GTD ṣẹ́ 250 lítà kù. Ẹni tó ń rin 30,000 á ṣẹ́ 750 kù. Ẹ fi iye lítà kan níbi tí ẹ wà sọ ọ́ di owó, kí ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn bébà yẹn. Owó tí GTD fẹ́ bá yín tọ́jú lọ́dún nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó lè jẹ ẹ́.

DPF

Nítòsí ẹ́ńjìnnì GTD, níbi tí ọ̀nà èéfín ti bẹ̀rẹ̀, fílítà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní DPF. Ó rí bí afárá oyin, àmọ́ ihò tó bá ṣí níwájú dí lẹ́yìn, èyí tó dí níwájú ló ṣí lẹ́yìn, kí èéfín má baà rí ọ̀nà mìíràn gbà ju kó la ara ògiri kọjá. Èédú kíkúnná tó wà nínú èéfín kò lè la ògiri kọjá, ibẹ̀ ló ń kó jọ sí.

Nígbà tó bá ti pọ̀ tó, kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì á sun ún. Á máa fọ́n dísẹ́ẹ̀lì díẹ̀ sí i lẹ́yìn tí iná ti jó tán nínú sílíńdà. Epo yẹn á lọ jó lọ́nà èéfín, ooru inú fílítà á gòkè dé nǹkan bíi 600 °C, èédú á sì jóná. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú 10 sí 20 ni, ẹ́ńjìnnì sì gbọ́dọ̀ ti gbóná dáadáa kó tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Ó yá, ẹ gbé bébà yín wá. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú méjìlá lọ, méjìlá bọ̀ ni ìrìn yín, ìgbà wo ló fẹ́ sun ún? Kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná tán, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dáná sí i ni, ẹ pa mọ́tò. Ní ọ̀la, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ lánàá, èédú á sì ti lé sí i.

Gbogbo ìgbà tí ẹ bá já iṣẹ́ yẹn gbà mọ́ ọn lọ́wọ́, dísẹ́ẹ̀lì tí kò jó á máa gba ara ògiri sílíńdà ṣàn lọ sínú ọ́ìlì. Ẹ ó yọ géèjì ọ́ìlì, ẹ ó rí i pé ọ́ìlì ti lé ju àmì òkè lọ, inú ẹlòmíì á tilẹ̀ máa dùn pé mọ́tò òun kì í jẹ ọ́ìlì. Kì í ṣe ọ́ìlì ló ń pọ̀, dísẹ́ẹ̀lì ni. Ọ́ìlì tó bá ti ṣàn bí omi bẹ́ẹ̀ kò lè gba bíárì tọ́bò sílẹ̀ mọ́. Bí fílítà ṣe ń fa tọ́bò lọ́wọ́ lọ sí sàréè nìyẹn, tí èèyàn á rò pé àìsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣe mọ́tò òun.

Mọ́tò kì í pariwo tó bá ń sun èédú, àmọ́ ó ń sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá dúró níbi iná ojú títì, RPM tó máa ń wà ní nǹkan bíi 800 á gòkè sí 1,000. Ẹ́ńjìnnì tó máa ń pa ara rẹ̀ níbi iná ò ní pa ara rẹ̀. Iye epo tó ń mu á ṣàdédé lọ sókè. Bí ẹ bá sì pa á, fáànù rédíétọ̀ á ṣì máa yí fòò, òórùn irin gbígbóná á máa jáde lábẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú wọn nígbà tí ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ délé, ẹ má tíì yà sílé. Ẹ lọ yípo fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Bí iná DPF bá wá tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ gba ọ̀nà márosẹ̀, ẹ máa lọ ní 60 km/h sókè, ní jíà kẹrin tàbí ìkarùn-ún, kí RPM wà ní nǹkan bíi 2,000, fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìdúró. Ó sábà máa ń kú. Bí ẹ bá rọ́jú rìn bẹ́ẹ̀ lọ láìdá a lóhùn, iná ẹ́ńjìnnì á bá a tàn, mọ́tò á kọ̀ kò ní sáré mọ́. Ó ti di ti mẹkáníìkì tó ní síkánà nìyẹn, kó fipá sun ún. Òun náà kò sì gbọ́dọ̀ dán an wò bí èédú inú rẹ̀ bá ti tó nǹkan bíi 40 sí 45 gíráàmù, torí ooru á pọ̀ débi tí afárá náà á fi là. Wọ́n máa tú u sílẹ̀, wọ́n á fọ̀ ọ́, tàbí kí ẹ ra òmíràn.

Kí ẹ tó ra òmíràn, ẹ bi wọ́n léèrè ìdí tó fi dí. Fílítà kì í sábà ṣàìsàn fúnra rẹ̀. Tẹmósíta tó ṣí tí kò padé mọ́ kò ní jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná tó, kọ̀ǹpútà ò sì ní bẹ̀rẹ̀ sísun láéláé. Rọ́bà tọ́bò tó ya díẹ̀, EGR (fáàfù tó ń dá èéfín díẹ̀ padà sínú ẹ́ńjìnnì) tó ti há, ńjẹ́kítọ̀ tó ń jò, gbogbo wọn ń sọ èédú di púpọ̀. Rọ́bà kékeré méjì tó lọ sára sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn bí fílítà ṣe dí tó náà máa ń là, sẹ́ńsọ̀ á sì máa purọ́ fún kọ̀ǹpútà. Ẹni tó pààrọ̀ fílítà láìwo àwọn wọ̀nyí á tún pààrọ̀ rẹ̀.

Èédú yàtọ̀ sí eérú o. Èédú ṣì lè gba iná. Eérú ti jó tán, kò sí iná tó lè sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Inú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni eérú ti ń wá, ìdí nìyẹn tí Volkswagen fi ní ọ́ìlì tó bá ìlànà 507 00 mu nìkan ni kí wọ́n rọ sí i. Ọ́ìlì olówó pọ́ọ́kú tí kò bá a mu á fi eérú kún fílítà ṣáájú ọjọ́ rẹ̀. Bí a tilẹ̀ ṣe gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ, GTD tó bá ti rin 200,000 km ń gbé eérú púpọ̀ kiri, ẹni tó bá rà á ló máa ru ẹrù náà.

Dísẹ́ẹ̀lì tí imí ọjọ́ pọ̀ nínú rẹ̀ náà wà ńbẹ̀. Epo tí imí ọjọ́ rẹ̀ kò ju 10 ppm (ìdá mẹ́wàá nínú mílíọ̀nù kan) lọ, bí wọ́n ṣe ń tà á ní Yúróòpù, ni wọ́n ṣe mọ́tò yìí fún. Níbi tí wọ́n bá ti ń ta èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, ẹ má wulẹ̀ wo GTD lójú.

Ẹlòmíì á ní, "Ẹ gé e dànù." Ní ilẹ̀ púpọ̀, òfin kò gbà á. Ní Ìlú Ọba, láti oṣù kejì 2014 ni mọ́tò tí wọ́n yọ DPF rẹ̀ ti ń kùnà nínú àyẹ̀wò ọdọọdún.

Ẹ̀ṣẹ̀ GTI

Kì í ṣe áńgẹ́lì. Ilé tẹmósíta àti pọ́ńpù omi rẹ̀ jẹ́ ike, ó sì máa ń jò: ẹ tan tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ rẹ̀ bóyá àmì omi pupa tó ti gbẹ wà níbẹ̀. Pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀ ń fẹ́ pípààrọ̀ ní 60,000 km, kí ó sì yá jù bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá ti fi kọ̀ǹpútà bu agbára kún un. Bíbu agbára kún un yẹn ni ẹ̀rù tó wà níbẹ̀, torí ẹni tó fẹ́ tà á kì í sọ. Octane 95 RON ni kí epo rẹ̀ kéré mọ. Díẹ̀ nínú àwọn tí wọ́n ṣe kẹ́yìn ní fílítà tiwọn, àmọ́ èéfín bẹntiróòlù gbóná ju ti dísẹ́ẹ̀lì lọ, tí ẹ bá sì ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, afẹ́fẹ́ á wọlé, èédú rẹ̀ á jó fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń wà á lè má mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Àwọn tó kù

Jíà aládàáṣe DSG onípele mẹ́fà: ọ́ìlì rẹ̀ ní 60,000 km, lára méjèèjì. GTI ń lo ṣéènì, GTD ń lo bẹ́líìtì, ẹ béèrè ìwé ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì náà. Ariwo: GTD ń kan gọ-gọ-gọ láàárọ̀. Táyà: GTI ń jẹ ẹ́ díẹ̀ jù. Òfin ìlú ńlá: ní London, láti 2019, bẹntiróòlù tó bá ti jẹ́ Euro 4 (ìlànà èéfín ilẹ̀ Yúróòpù) ń wọlé ọ̀fẹ́, Euro 6 ni dísẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ jẹ́, nítorí náà ẹ wo ìwé GTD kí ẹ má baà gbé Euro 5.

Èwo ni ti yín?

Ẹni tó ń rin ju 25,000 km lọ lọ́dún, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọ̀nà márosẹ̀, tí epo tó mọ́ sì wà ládùúgbò rẹ̀, kó gbé GTD. Á gbádùn rẹ̀, bébà rẹ̀ ti sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ìrìn rẹ̀ kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ, GTI ni. Ẹni tó wà láàárín, tó ń lọ jìnnà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tó sì ń rìn níhìn-ín lọ́hùn-ún ní ọjọ́ tó kù, àwọn méjèèjì lè bá a lò. Àmọ́ owó tí GTI ń gbà, ẹ ń rí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nílé epo, ẹ sì lè gbé ẹsẹ̀ fúyẹ́ tó bá pọ̀ jù. GTD ń bá yín tọ́jú tiẹ̀, ọjọ́ kan ṣoṣo ló máa béèrè rẹ̀.

Tí ẹ bá lọ wò ó

Fún GTD, ẹ ti ìka bọ ẹnu sàlẹ́ńsà nígbà tó bá tutù. Bí fílítà bá wà tó sì pé, ìka yín á jáde ní mímọ́ tàbí pẹ̀lú eruku díẹ̀. Bó bá dúdú bí ìdí ìkòkò, wọ́n ti gé e tàbí ó ti là. Ẹ ki síkánà bọ̀ ọ́, kí ẹ ka ohun mẹ́ta: ìwọ̀n èédú, ìwọ̀n eérú, àti iye km tó ti rìn látìgbà tó ti sun èédú kẹ́yìn. Ẹ tún fi síkánà wo ooru omi lẹ́yìn ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé abẹ́rẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, torí orí 90 ló máa ń dúró sí bí omi ò tilẹ̀ ju 80 lọ. Lẹ́yìn náà ẹ yọ géèjì ọ́ìlì, kí ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀.

Fún GTI, ẹ tẹ́tí sí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta àkọ́kọ́ tó bá ṣíná: ṣéènì tó ti rọ̀ á dún ṣàkàṣàkà. Ohun ìjà tí ẹ ní lọ́wọ́ fún méjèèjì ni ẹ́ńjìnnì tó tutù. Ẹ gbọ́wọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó kí olówó mọ́tò tán. Tó bá ti gbóná sílẹ̀ dè yín, ẹ ní ẹ ń padà bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la.